Fèrèsé Balùwẹ̀ Tí Mi Ò Ṣí

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo mọ̀ pé ìkíni yìí kò bá ẹni tó ti lọ mu, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé a kì í bá àgbà sọ̀rọ̀ láì kọ́kọ́ kí i, kódà bí inú bá ń bíni sí i. Inú ò bí mi sí yín. Ẹ̀yin ni kí inú ó bí. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ti lọ sílé, mo jókòó sídìí tábìlì mi nílé ìwé wa ní Ìbà níbí, mo ya ewé mélòó kan láàárín ìwé tí mo fi ń ṣètò ẹ̀kọ́, mo ní kí n kọ̀wé sí yín. Àwọn tísà ẹlẹgbẹ́ mi tó ń kọjá rò pé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mò ń ṣe, wọ́n ń kí mi kú iṣẹ́.

Àjọkẹ́ ti hu eyín mẹ́rin. Ó ti ń di ògiri mú rìn. Tó bá ṣubú, á kọ́kọ́ wojú mi bóyá mo rí i, tí mi ò bá wò ó, á dìde, á máa bá tirẹ̀ lọ. Ọgbọ́n yín gan-an nìyẹn. Àwọn èèyàn ń fẹ́ máa pè é ní Yétúndé, mo sì ń bá wọn jà sí i. Ọmọ tí ẹ fọwọ́ ara yín gbà, tí ẹ fún lóríkì, tí ẹ wẹ̀ fún ọjọ́ méjìdínlógójì gbáko, báwo ló ṣe máa wá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ padà wá? Ẹ kò tíì lọ nígbà tó dé. Ẹ jọ wà nínú ilé kan náà, ẹ jọ ń sùn lórí ẹní kan náà. Àjọkẹ́ tí ẹ pè é ni mò ń pè é, ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn kó bí tirẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo fi orúnkún gbá ẹsẹ̀ tábìlì, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, “Pẹ̀lẹ́ o.” Tábìlì ni mò ń bẹ̀. Ẹ rántí bí a ṣe máa ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, pé ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń gbá àga tán tí ẹ tún máa ń kí i pẹ̀lẹ́? Mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Bàbá Àjọkẹ́ dé, ó bi mí pé kí ló dé, mo ní orúnkún ń dùn mí.

Bí mo ṣe ń dá a lóhùn nígbà gbogbo nìyẹn. Ó máa ń bi mí pé kí ló dé, mo máa ń sọ pé orí ń fọ́ mi, tàbí pé àwọn ọmọ iléèwé mi yọ mí lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi, kò mọ̀ ọ́n. Bọ̀ọ̀dá mi kò mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún yín lónìí. Nípa Bàbá Ràfíù ni, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó so hítà onígáàsì mọ́ balùwẹ̀ wa. Gbogbo èèyàn àdúgbò wa ní Igbó-Elérin ló ní iṣẹ́ ọwọ́ Bàbá Ràfíù ló pa yín. Wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn nítorí rẹ̀, wọ́n sì ti ba orúkọ wọn jẹ́. Èmi mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ sọ ọ́. Inú ọyẹ́ lẹ ti Ìlaròó wá bá mi wẹ ọmọ, tẹ̀yin ti ìkòkò dúdú yín lórí itan, bí ẹni pé kò sí ìkòkò l'Ékòó. Ẹ dé, ẹ bèèrè ibi tí wọ́n ń dáná igi sí. Lándílọ́ọ̀dù wa kò gba igi, wọn ò sì gba èédú. Lẹ bá gbé ìkòkò lé orí gáàsì kékeré tó wà ní kíṣíìnì, ó fi bíi wákàtí kan kó tó hó, ẹ wá ń gbé omi híhó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sí balùwẹ̀, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ kẹrin ni omi náà dà sí yín lẹ́sẹ̀. Ẹ ní kò dùn yín. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo yọjú sí yàrá, mo rí yín tí ẹ ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí ẹsẹ̀ náà, tí ẹ ń fi èékánná ha ara ògiri.

Nítorí ẹsẹ̀ yẹn ni bàbá Àjọkẹ́ ṣe lọ ra hítà ní Alábà. Oníná mànàmáná kò ṣe é rà, torí iná ń wá nígbà tó bá wù ú, jẹnẹrétọ̀ wa kò sì lè gbé e. Onígáàsì ló kù. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe fáàrí ló gbé e wọlé. Ẹ̀yin la gbé e wọlé fún.

Ẹ kò sí nílé lọ́jọ́ tí Bàbá Ràfíù wá so ó. Ẹ ti lọ wá ewé àgbo Àjọkẹ́ ní Ìyànà Ìbà, bàbá Àjọkẹ́ wà níbi iṣẹ́. Èmi nìkan ló wà nílé pẹ̀lú ìkókó lọ́wọ́. Gbogbo ohun tí ọkùnrin yẹn sọ lọ́jọ́ náà, etí mi nìkan ló gbọ́ ọ.

Wọn ò tiẹ̀ fẹ́ gbé e sínú balùwẹ̀ rárá. Wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé ló yẹ kí irú rẹ̀ wà, kó máa jó níta gbangba, kí páìpù máa gbé omi gbígbóná wọlé. Lándílọ́ọ̀dù yarí, wọ́n ní ọ̀nà tí àwọn ayálégbé ń gbà ni ẹ̀yìnkùlé, sílíńdà gáàsì nìkan ni àwọn lè gbà kó wà níbẹ̀. Bàbá Ràfíù wá jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ wọn, wọ́n ronú títí tí mo fi rò pé wọ́n ti sùn. Nígbà tí wọ́n dìde, wọ́n lu ihò sí òkè ògiri balùwẹ̀, wọ́n gba ibẹ̀ ti páìpù èéfín bọ́ síta, wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì dí etí rẹ̀. Wọ́n rẹ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn kí atẹ́gùn lè máa gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Wọ́n po ọṣẹ sínú ike, wọ́n fi kun gbogbo ibi tí páìpù gáàsì ti so kọ́ra lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n tẹjú mọ́ ọn bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní tí gáàsì bá ń jò, ìfófòó á máa ru níbẹ̀. Wọ́n ní kí n máa dán an wò bẹ́ẹ̀ lóṣooṣù, kí n má fi ìṣáná wá a láéláé. Wọ́n ní ojú iná rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa jẹ́ búlúù, ọjọ́ tó bá ti pọ́n, kí a pa á kí a pe àwọn, àti pé àwọn á máa wá tú u ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà láti gbọn eruku àti òwú aláǹtakùn inú rẹ̀ dànù. Mo ń dáhùn ní hẹn, hẹn. Ọmọ ti ń ké.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n nawọ́ sí fèrèsé.

“Ìyá ìkókó, iná yìí ń mí bí èèyàn ni, ibí yìí ló sì ti ń mí. Tẹ́ ẹ bá tì í nígbà tó ń jó, májèlé ló máa tú sínú ilé. Ẹ ò ní rí i, ẹ ò sì ní gbóòórùn ẹ̀. Tísà ni yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ohun tí mo sọ padà fún mi.”

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì kà á bí àwọn ọmọ mi ṣe máa ń kà á ní kíláàsì, pé fèrèsé kò gbọdọ̀ wà ní títì tí hítà bá ń jó. Wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á, Màámi.

Nígbà tí ẹ dé, ẹ yí hítà náà po, ẹ ṣí omi, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ tọ́ ọ wò, ẹ fò sẹ́yìn. Láti ọjọ́ yẹn lẹ ti ń pè é ní Ìyàwó Kékeré, ẹ ní ó dé lánàá, ó sì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìyáálé. Ìkòkò yín ni ìyáálé. Ṣùgbọ́n ẹ gbójú sókè, ẹ rí fèrèsé tó ṣí gbayawu, ojú yín sì yí padà. Ẹ ní ta ló bímọ tó ń ṣí fèrèsé sílẹ̀ nínú ọyẹ́? Ẹ ní ara ọlọ́mọ tuntun ṣí sílẹ̀ ni, pé òtútù tó bá wọ̀ ọ́ kì í jáde mọ́, ẹ mẹ́nu ba àbúrò yín tí wọn kò bò lọ́wọ́ atẹ́gùn nígbà tó bí àkọ́bí rẹ̀, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ń dùn ún títí di òní olónìí. Ẹ yọ ìró kan nínú àpò yín, ẹ sì fi dí fèrèsé náà pinpin. Ẹ ká àkísà sábẹ́ ilẹ̀kùn.

Kí ló dé tí mi ò sọ fún yín nígbà yẹn? Mo ti bi ara mi léèrè títí. Kì í ṣe pé mo bẹ̀rù yín. Mo mọ̀ pé tí ẹ bá gbọ́ pé májèlé lè wà nínú rẹ̀, ẹ kò ní jẹ́ kí wọ́n lò ó mọ́, ẹ á padà sídìí ìkòkò, omi híhó á sì tún dà sí ẹsẹ̀ tí kò tíì jinná. Mo wá dá ọgbọ́n kan. Mo ní bí wọ́n ṣe ń lo hítà ni pé, a máa ṣí fèrèsé, a máa pọn omi gbígbóná kún bákẹ́ẹ̀tì méjì, tí a bá ti pa omi, hítà náà á kú, nígbà náà ni ká tó dí fèrèsé ká sì máa wẹ̀. Ẹ kò bi mí pé kí nìdí. Ẹ gbà mí gbọ́ torí pé èmi ni mo kàwé. Ọgbọ́n yẹn ṣiṣẹ́ fún ohun tó lé ní oṣù kan, mo sì ń yin ara mi.

Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé mo ṣì ń gbọ́ ọwọ́ yín ní ikùn mi? Ẹ máa ń ti táwẹ́lì bọ omi tó ń ru èéfín, ẹ máa ń fún un, ẹ máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi níkùn, mo máa ń ké, ẹ máa ń sọ pé kí n má wulẹ̀ pariwo, pé bíbí ọmọ tó wà níta yẹn le ju èyí lọ. Ẹ máa ń fi òrí pa mí lẹ́yìn títí dé ẹsẹ̀. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, tísà ni mí, àwọn òbí ọmọ ń kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n nínú balùwẹ̀ yẹn, ọmọ ọwọ́ ni mo jẹ́. Mi ò tíì rí ibi tí ọkàn mi balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà.

Ó ku ọjọ́ méjì kí ogójì pé. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ èmi àti ọmọ tán ni, bíi aago mẹ́wàá òwúrọ̀, ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ ń na Àjọkẹ́ lápá. Mo rí ọwọ́ yín. Omi gbígbóná ti bó o, awọ àtẹ́lẹwọ́ ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Mo rí bí ẹ ṣe ń fi ọwọ́ kan ti ìbàdí kí ẹ tó lè nàró. Mo ní, Màámi, ẹ̀yin náà ẹ wọlé lọ, kì í ṣe ti bákẹ́ẹ̀tì o, ẹ ṣí i lókè kí omi gbígbóná máa lù yín lẹ́yìn. Ẹ kọ̀. Ẹ ní ẹ̀yin kọ́ lẹ bímọ. Mo bẹ̀ yín, mo fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fà yín dìde. Ẹ kò tíì dúró sábẹ́ omi gbígbóná tó ń ṣàn rí láyé yín, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ bó ṣe rí. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, ẹ wẹ̀yìn.

“Tí mo bá pẹ́ níbẹ̀, kí o mọ̀ pé mo ti di ọmọge padà.”

Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ fún mi kẹ́yìn nìyẹn.

Ìró yín ṣì wà lójú fèrèsé níbi tí a fi dí i nígbà tí mò ń wẹ̀. Mo gbọ́ tí ẹ fi ẹsẹ̀ ti àkísà padà sábẹ́ ilẹ̀kùn bí ìṣe yín. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, hítà gba iná, mo sì rántí fèrèsé. Mo rántí, Màámi. Mi ò gbàgbé. Ó wù mí kí n lè sọ pé mo gbàgbé, torí pé ẹni tó gbàgbé, èèyàn lè fi orí jì í. Àjọkẹ́ wà lẹ́nu ọyàn, oorun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé e lọ ni, tí mo bá dìde á jí. Ẹ sì ti bọ́ra. Mo ní ẹ ò ní pẹ́ jáde. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí ẹ ń kun orin ìjọ nínú imú, inú mi sì dùn, mo ní jẹ́ kí wọ́n gbádùn díẹ̀, wọ́n ti ṣe wàhálà. Nígbà tí orin náà dákẹ́, mo rò pé ẹ ń fọ ojú ni. Èmi náà tòògbé.

Omi tí kò dá ló jí mi. Ẹ kì í fi omi ṣòfò. Ẹ jókòó sílẹ̀, ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, omi ń dà sí yín lẹ́sẹ̀, ojú iná inú hítà sì ti pọ́n. Ṣé ẹ fẹ́ mọ ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe? Mi ò kọ́kọ́ gbé yín. Fèrèsé ni mo kọ́kọ́ sáré sí, mo fa ìró náà yọ, mo sọ ọ́ sínú bákẹ́ẹ̀tì. Títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, mi ò mọ̀ bóyá atẹ́gùn ni mò ń wá fún yín àbí mo ti ń bo ara mi láṣìírí. Nígbà tí bàbá Àjọkẹ́ àti àwọn ará ilé sáré dé, wọ́n bá fèrèsé ní ṣíṣí.

Ní ọsibítù, dókítà sọ pé májèlé tó ń ti ara iná jáde ni. Ó bèèrè bóyá fèrèsé wà ní títì. Bàbá Àjọkẹ́ ní rárá, ó ṣí sílẹ̀, ojú òun ló ṣe. Bọ̀ọ̀dá mi sì ní tó bá ṣí sílẹ̀, a jẹ́ pé ẹni tó so ó kò ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Èmi ò sọ nǹkan kan. Mò ń sunkún, wọn kì í sì í bi ẹni tó ń sunkún ní ìbéèrè púpọ̀.

Nígbà tó yá, àwọn àgbà ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ tí Bàbá Ràfíù wà pe ìpàdé, torí wọ́n ní àwọn ò lè lé ẹnì kan lẹ́nu iṣẹ́ láì gbọ́ tẹnu ẹni tó wà níbẹ̀. Wọ́n fún mi ní àga. Bàbá Ràfíù jókòó sí ọ̀kánkán mi, wọ́n ká fìlà wọn sọ́wọ́. Olórí wọn bi mí bóyá ọkùnrin yìí kìlọ̀ fún mi nípa fèrèsé lọ́jọ́ tí wọ́n wá so ó. Bọ̀ọ̀dá mi dúró lẹ́yìn mi, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Mo ro ojú rẹ̀ tí mo bá sọ òótọ́. Mo ro bí bàbá Àjọkẹ́ á ṣe máa wò mí nídìí oúnjẹ. Mo ro bí wọ́n á ṣe máa sọ ọ́ fún Àjọkẹ́ lọ́jọ́ iwájú.

Mo ní, “Wọn ò sọ nǹkan kan fún mi.”

Bàbá Ràfíù kò pariwo. Wọ́n kàn ní, “Ìyá ìkókó, ẹ rántí dáadáa.” Mo bú sẹ́kún, àwọn èèyàn sì bá wọn wí pé kí wọ́n má yọ ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ lẹ́nu. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n kó gbogbo irinṣẹ́ wọn kúrò ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ní ní Ìyànà Ìbà, mi ò sì tún gburòó wọn mọ́.

Mo rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà máa parí sí. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé irọ́ kì í bímọ kan ṣoṣo. Ìyá Dàmọ́lá tó wà ní yàrá tó dojú kọ wá ti so hítà onígáàsì, nínú ọdún tí ẹ kú yìí náà. Ẹni tó so ó fún un kò lò ju wákàtí méjì lọ. Kò lu ihò, kò fi páìpù èéfín síta, kò fi ọṣẹ kun ohunkóhun. Ìyá Dàmọ́lá sì máa ń ti fèrèsé nítorí ẹ̀fọn. Mo lọ bá a, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ṣí fèrèsé yẹn, ó léwu. Ó dì mọ́ mi, àánú mi ń ṣe é. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé Bàbá Ràfíù kọ́ ló so tòun. Kí ni mo fẹ́ fi dá a lóhùn? Èmi ni mo kọ́ gbogbo àdúgbò pé ọkùnrin kan ni kí wọ́n máa bẹ̀rù, dípò fèrèsé tí wọ́n tì. Láràárọ̀ tí mo bá ń lọ síléèwé, mo máa ń gba ẹ̀yìn ilé, mo máa ń ti fèrèsé balùwẹ̀ rẹ̀ ṣí. Tí mo bá fi máa dé nírọ̀lẹ́, ó ti wà ní títì.

Nítorí èyí ni mo ṣe dìde ní Sátidé tó kọjá. Mo ti wádìí, wọ́n sọ fún mi pé Bàbá Ràfíù wà ní Òkòkómáìkò, níbi tí wọ́n ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù. Mo pọn Àjọkẹ́. Ní gbogbo ọ̀nà ni mò ń tún un kà lẹ́nu bí ọmọ tó fẹ́ ka àkọ́sórí: Bàbá, ẹ sọ fún mi, mo gbọ́, èmi ni mo purọ́, ẹ jẹ́ ká lọ bá àwọn ẹgbẹ́ yín. Mo ti pinnu pé láti ọ̀dọ̀ wọn, ilé Bọ̀ọ̀dá mi ni mo máa gbà lọ. Mo tiẹ̀ wọ bàtà pẹlẹbẹ, torí mo mọ̀ pé mo lè fẹsẹ̀ rìn padà tí ẹnikẹ́ni ò bá fẹ́ wò mí lójú mọ́.

Bàbá Ràfíù ń bu iyanrìn sínú ẹ̀rọ ìpò nígbà tí mo dé. Wọ́n ti gbẹ. Sìmẹ́ńtì ti kún ojú àti irùngbọ̀n wọn. Wọ́n rí mi, ṣọ́bìrì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n nu ọwọ́ wọn mọ́ ara, wọ́n fà mí sábẹ́ igi, wọ́n sì ti ń bẹ̀bẹ̀ kí n tó la ẹnu.

“Mo ti rò ó títí, Ìyá Àjọkẹ́. Ó máa ń dà bíi pé mo gbọ́ ohùn ara mi tí mo ń sọ ọ́ fún yín. Mo máa ń bá ìyàwó mi jà sí i, pé mo sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ta ló máa dúró ti òkú ìyá ẹ̀ kó purọ́? Ẹ̀yin kọ́. Ogbó ti dé, mo gbàgbé ni. Mi ò ní fọwọ́ kan gáàsì mọ́ láyé mi. Ẹ dárí jì mí, kí Màmá náà lè dárí jì mí.”

Màámi, wọ́n ti gbà á gbọ́. Irọ́ tí mo pa, wọ́n ti mú un, wọ́n ti fi rọ́pò ohun tí wọ́n mọ̀. Ọkùnrin tó tún ọṣẹ kùn lẹ́ẹ̀kejì nítorí wọn ò gba ojú ara wọn gbọ́, wọn ò fọkàn tán orí ara wọn mọ́. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ mi rọrùn láti sọ nígbà náà. Gbólóhùn kan péré ni. Mo la ẹnu. Wọ́n ń wò mí, omi lé wọn lójú, mo wá rí i pé tí mo bá sọ ọ́, àwọn ojú yẹn ni yóò kọ́kọ́ yí padà sí mi.

Mo ní, “Bàbá, mo ti dárí jì yín.”

Wọ́n dọ̀bálẹ̀. Nínú eruku sìmẹ́ńtì, lójú àwọn tó ń gbé búlọ́ọ̀kù, baba tó tó bí mi na gbogbo ara wọn sílẹ̀ fún mi, wọ́n ń dúpẹ́, wọ́n ń ṣàdúrà fún mi pé Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí Àjọkẹ́ dójú tì mí láéláé. Mo sì dúró níbẹ̀, mo ní àmín.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin tó fẹ́ràn yín, tí kò mọ ẹni tó tún lè bẹ̀.